Ìkéde Tí Ìjọba Gé sí Méjì

Òwúrọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi wọlẹ̀. Ọyẹ́ bo Lokoja mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ò rí òkè, a ò rí odò. Mo jókòó ti rédíò, mò ń retí ìkéde òkú, bí àwa àgbà ṣe ń ṣe láràárọ̀.

Olùkéde dárúkọ ìyá ọkọ ọmọ mi ní Karaworo. Ó ní àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ fún ará, ọ̀rẹ́ àti àna pé ìyá àwọn, ẹni ọgọ́rin ọdún... Rédíò bá dákẹ́.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ìjọba wa, tó fẹ́ràn wa púpọ̀, ló rán ọlọ́pàá lọ ti ilé iṣẹ́ rédíò náà pa. Àwọn olùkéde ibẹ̀ béèrè lórí rédíò pé owó oṣù àwọn tíṣà dà, ìjọba ní irọ́ ni wọ́n ń tàn kálẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ kí irọ́ tàn kálẹ̀?

Èmi ti ń sunkún ní tèmi. A kì í fi fóònù béèrè bóyá àna ẹni kú lóòótọ́. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ, ẹni tó bá sì pẹ́ dé, ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò máa fojú burúkú wò nílé ọkọ. Mo wé gèlè dúdú, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ganaja. Àwọn tá a jọ wọ̀ ọ́ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àna mi, ti fa fóònù yọ ká tó dé ìkóríta.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti figbe ẹkún bọnu. Àna mi jáde síta, ó mú ṣíbí tó fi ń din àkàrà dání, ó kí mi bí àwọn ará Òkun ṣe ń kíni.

"Òkun o, àna mi. Ta ló kú?"

Mo wò ó, mi ò rí irọ́ pa. "Ẹ̀yin ni."

Àbúrò ọkọ àna mi ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ikú rẹ̀. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn wọn, kò lè wojú mi. Àṣé ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ń kéde! Wọ́n ti fi ìwé ìpè rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èmi tí mi ò mọ̀ ju kí n gbé e sétí lọ. Mi ò tíì bẹ̀bẹ̀ tán tí àwọn ìyá ìjọ fi dé pẹ̀lú orin ìsìnkú. Àna mi ní kí wọ́n wọlé wá jẹ àkàrà. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò dúró mú bàtà rẹ̀.

Ìjọba pa rédíò lẹ́nu mọ́ kí irọ́ má bàa tàn. Èmi nìkan, láìní ẹ̀rọ kankan, mo fi irọ́ kún ìlú kí oòrùn tó mú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹni tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ jókòó de ìdajì yòókù, bí wọ́n bá máa jẹ́ kó dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo háyà kẹ̀kẹ́, mo mú àna mi jókòó tì mí, a yí Karaworo, Kpata àti Ganaja ká kí ayé lè fojú rí i. Ó ń juwọ́ bí ẹni tó ń du ipò gómìnà. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

"Àna mi, ẹ jẹ́ n tún kú lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kí awakọ̀ yí wa ká lẹ́ẹ̀kan sí i.