Ẹnu Ajéìgbé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó lọ kì í gbé ẹnu rẹ̀ lọ tán? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tí mò ń wí kò tíì hu ewú púpọ̀, fóònù sì wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí òwe náà bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìrágbìjí ni, ní ṣọ́ọ̀bù Láníyọnu télọ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n: Láníyọnu fúnra rẹ̀, Múfútàú tó ń tún fóònù ṣe, Tíṣà Ọ̀ṣúnlékè, àti Ajéìgbé tó ń kun ilé lọ́dà. Wọ́n ní líìgì kan láàárín ara wọn. Kò sí ẹni tó ń sáré lórí pápá nínú wọn o. Orí fóònù ni kálukú ti ń ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, tí ó ń pè wọ́n ní ẹgbẹ́ òun. Bí ẹni tí o ṣà bá gbá góòlù wọlé, o gba máàkì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, tìrẹ náà ṣẹ́ nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á pàdé láti wo ẹni tó wà lókè. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó wà lókè nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fèsì.

Kò sí ẹni tó mọ òfin yìí lò bí Ajéìgbé. Á wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Láníyọnu, ẹgbẹ́ rẹ dà bíi ṣòkòtò tí o rán fún mi. Ẹsẹ̀ kan gùn, èkejì ń wá a kiri." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń kọjá lọ á fi dúró.

Nígbà tí líìgì dé ìdajì, Ajéìgbé kú. Wọ́n sin ín, wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, Múfútàú sì ní kí àwọn yọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò.

Láníyọnu ní, "Fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ mọ́. Á rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀."

Kò sọ̀kalẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù lójoojúmọ́. Ẹni tí wọ́n bá lé jáde ló ń gbá góòlù wọlé, ẹni tí wọ́n bá gbà wọlé ló ń ṣàìsàn. Ajéìgbé tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan ń gòkè lọ. Kò pẹ́, ó dé orí gbogbo wọn, ó sì jókòó síbẹ̀.

Wàhálà dé. Ẹni tó wà lókè nìkan ló lẹ́nu, ẹni tó wà lókè kò sì sí mọ́. Bí Múfútàú bá fẹ́ bú Tíṣà, Tíṣà á ní, "Ṣé ìwọ lo wà lókè ni?" Á pa ẹnu dé. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan wá dà bí ìsìnkú mìíràn. Nígbà tó yá, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìpàdé ìjọ. Múfútàú tó ń tún fóònù gbogbo ìlú ṣe ní fóònù òun bàjẹ́.

Láníyọnu rí i pé òun nìkan ló kù sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí òun bá lè borí Ajéìgbé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu á là, àwọn ọ̀rẹ́ á sì padà. Ó gbààwẹ̀. Ó ń ṣírò orúnkún àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò rí rí, èyí tó ń dùn àti èyí tó ti sàn. Nítorí pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù, ó rán àpò mọ́ ẹ̀yìn agbádá alága ìjọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wá kọjá Ajéìgbé. Ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì kíákíá, wọ́n jọ ń wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Láníyọnu ti la ẹnu sílẹ̀, ó ti mọ ohun tí yóò sọ nípa ikùn Tíṣà, ni rẹfirí bá fọn fèrè: pẹ́nárítì. Aṣọ́lé tó dúró sẹ́nu góòlù ni aṣọ́lé Ajéìgbé, arúgbó kan tí ẹlòmíràn kò ṣà. Ó fò sí ibi tí kò yẹ, bọ́ọ̀lù bà á ní gìgísẹ̀, ó jáde. Máàkì wọlé fún Ajéìgbé, ó sì tún padà sókè.

Láníyọnu pa ẹnu rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Àtinúkẹ́, ìyàwó Ajéìgbé, ló bá wọn bẹ́ẹ̀. Ó mú aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wá fún àtúnṣe. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, kí ló dé tí ẹ dákẹ́ báyìí?"

"Ìyàwó wa, ọkọ yín ló wà lókè líìgì," ni Tíṣà wí. "Kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ àfi òun."

Obìnrin náà gbé aṣọ lé tábìlì. "Gbogbo èyí tó bá sọ níbí ló máa ń wá tún sọ fún mi nílé, àti èyí tó ń fi pamọ́ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó fi pamọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n gbójú sókè.

"Ó ní Tíṣà, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò gba òdo tó ẹgbẹ́ rẹ. Ó ní Múfútàú, gbogbo ẹni tí o bá rà ló ń dùbúlẹ̀, kí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kí ọ kú iṣẹ́. Ó ní Láníyọnu…" Ó yíjú sí télọ̀. "Ó ní ọjọ́ tí o bá lè borí òun, ó dájú pé òun ti kú. Ẹ wá wò ó, ó ti kú o, ẹ ò sì tíì borí rẹ̀."

Múfútàú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Láníyọnu gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, èjìká rẹ̀ ń mì, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ẹ̀rín ni.

"Ṣé ó kù?" ni ó bèèrè láìgbórí sókè.

"Ó kù," ni obìnrin náà dáhùn. "Àmọ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹni tó lọ kì í gbé ẹnu rẹ̀ lọ tán, ẹ má bèèrè ibi tó fi ìyókù sí. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà, ó sì ń rọra ná an.