Sàlẹ́ńsà Tí Ooru Kì Í Ràn

Kò sí ẹni tó ń gun alùpùpù ládùúgbò náà tí kò mọ Ooruòrànmí. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn, òun ló kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà ló sì ń bínú bí ènìyàn bá gbàgbé láti fi "Ọ̀gá" ṣíwájú rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, àyà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, òun á wá tẹ̀lé e.

Ohun tó sọ ọ́ di àgbà oníyangàn ni sàlẹ́ńsà kan tó rà, páìpù èéfín tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù, fọ́nrán dúdú tó le bí irin, hun lára bí ẹní. Ó ní irin á dípẹtà, irin á là, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù tòun á sin ẹni tó rà á, á tún sin ọmọ rẹ̀. Ó ní bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó, ènìyàn lè fìdí tì í bí ẹni fìdí ti àga.

Àbúrò rẹ̀ tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù kejì mọ ohun tó ń bẹ lábẹ́ aṣọ. Alùpùpù tí ẹ̀gbọ́n ń fi polówó, sìlíńdà méjì ló ní, sàlẹ́ńsà méjì ló sì ń lò. Tọ̀tún nìkan ni kábọ́ọ̀nù. Tòsì jẹ́ irin àtijọ́ tó ti lu, tí àbúrò fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀, tí ẹ̀gbọ́n sì lẹ bébà oníke aláwọ̀ kábọ́ọ̀nù mọ́.

Àbúrò kìlọ̀ fún un pé kábọ́ọ̀nù gidi pàápàá kì í pẹ́ bó bá sún mọ́ ẹ́ńjìnnì jù, áḿbọ̀sì bébà.

"Ojú ni oníbàárà fi ń rajà," ni Ooruòrànmí dá a lóhùn. "Kí wọ́n ṣáà má fọwọ́ kan tòsì."

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oògùn lọ fáwọn aláìsàn ló fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un. Gbogbo alùpùpù wọn ni yóò wọ irú sàlẹ́ńsà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó àbúrò wà lára wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni nǹkan náà yóò sì máa jó. Èyí ni kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbádùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ooruòrànmí wọ ṣòkòtò funfun báláú. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó ké fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ìdí sàlẹ́ńsà tọ̀tún, wọ́n fọwọ́ kàn án, orí wọn wú. Alága ẹgbẹ́ náà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi í léèrè pé tòsì ńkọ́.

"Ìbejì ni wọ́n, Ìyá Alága. Ẹni tó rí Táyé ti rí Kẹ́hìndé."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ènìyàn lè fìdí tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí ti tòsì, kí ọ̀rọ̀ tán."

Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bó bá kọ̀, ó tán. Ooruòrànmí fẹ̀yìn sún mọ́ ọn, ó sì rọra fìdí tì í. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kò sí ooru rárá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fò sókè bí ẹni tí agbọ́n ta.

Bébà bá a lọ. Irin oníìpẹtà yọ síta, pẹ̀lú ojú ibi tí àbúrò ti jó o. Kábọ́ọ̀nù wà nídìí ṣòkòtò funfun, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Alága yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó dáadáa.

"Òótọ́ lẹ sọ, Ọ̀gá. Kábọ́ọ̀nù yín lálòpẹ́. Ẹ wò ó, kò fẹ́ fi yín sílẹ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀. Ooruòrànmí fi ẹ̀yìn rìn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Àbúrò gbé omi tútù tẹ̀lé e, ó sì bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ooru ràn án.

"Ó ràn mí," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.