Bí Oyèédòkun Ṣe Kí Ọba Lórí Ilẹ̀ Arìnmádé

Oyèédòkun onígbàjámọ̀, ọmọ Abọ́dúnrìn tó lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́ láìmú ọ̀pá, ọmọ-ọmọ Lágbàyí tó sùn lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ títí èso fi bọ́ sí i lẹ́nu, jẹ́ kí n kì ọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í ṣe iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ohun erin, a kì í fi orin èkúté yìn ín.

Mọ́rádékẹ́, ọmọbìnrin ìlú wa tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán, ló gbé ilẹ̀ arìnmádé wọ gbọ̀ngàn ìlú wa: pèpéle dúdú tó ń sá padà lábẹ́ ẹsẹ̀, ibi yòówù kéèyàn kọjú sí, tó fi jẹ́ pé o lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí o má kúrò lójú kan. O ó de awò ńlá mọ́jú, ààfin wa àtijọ́ tó ti wó yóò sì dìde níwájú rẹ, tòun ti ọba lórí ìtẹ́. Ẹnu àwọn arúgbó ni Mọ́rádékẹ́ ti ṣa ààfin náà jọ, ògiri kan tẹ̀lé òmíràn.

Wàhálà wà níbẹ̀. Ọmọlúàbí wo ni yóò rí ọba tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Bí wọ́n bá sì ti nà gbalaja, ilẹ̀ á rò pé wọ́n ń lọ síwájú, á wọ́ wọn sẹ́yìn bí àpò gàrí, á dà wọ́n nù. Olórí ọdẹ ṣubú. Olùkọ́ ṣubú. Nígbà tó kan Baálẹ̀, fìlà lọ sọ́tùn-ún, òun lọ sósì.

Ó gbọn ẹ̀wù. "Mọ́rádékẹ́, ilẹ̀ àfojúdi nìyí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kí ọba lórí ẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbé e padà síbi tó o ti gbé e wá."

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ kí i. Àwòrán ni."

"Àwòrán ọba ni."

Mọ́rádékẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà náà ni Oyèédòkun fi orí Múfútàù tó ń fá sílẹ̀ ní ìlàjì, ó gbé abẹ jù sílẹ̀, ó de awò mọ́jú, ó gun pèpéle bí ẹkùn tó gun àpáta. Ó rìn dé iwájú ọba, ó dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ sì gbá a mú láti wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Abọ́dúnrìn rántí bí baba rẹ̀ ṣe ń yíkàá fọ́ba láyé àtijọ́, ó yí gbiri sọ́tùn-ún, ilẹ̀ gbàgbé ẹ̀yìn, ó sá sósì. Ó yí gbiri sósì, ilẹ̀ sá sọ́tùn-ún. Wọ́n ń lé ara wọn bí ajá àti ìrù rẹ̀, títí ilẹ̀ fi dúró pa, tí akọni wà láàárín gbùngbùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí."

Baálẹ̀ họ orí. "Àbí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," Oyèédòkun dáhùn. "Àwa la gé e kúrú."

Nítorí náà, kílé gbọ́, kóko gbọ́: ilẹ̀ arìnmádé kò kúrò ní gbọ̀ngàn wa mọ́. Oyèédòkun ló gbà á sílẹ̀, ajagun tó lọ sáàfin láìkúrò lójú kan, ẹkùn tó fi ẹ̀gbẹ́ ara ṣẹ́gun. Kó wá lọ parí orí Múfútàù.