Ẹnì Kọkànlélọ́gbọ̀n Nínú Ọkọ̀ Àtòrì

Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Àwọn kan á sọ fún yín pé nítorí aráyé ni. Àwọn mìíràn á ní òwe náà ti wà kí òyìnbó tó gbé bọ́ọ̀lù dé. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mo mọ ọkọ̀ tí òwe yẹn ti jáde, mo mọ dírẹ́bà tó wà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kó sún mọ́ ẹni tó jókòó tì í, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ rí i dájú pé òun mọ ẹni náà.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Òkè-Àtòrì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́ Àtòrì Yunáítẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jẹ́ àtòrì tó nì, àwọn gan-an ni wọ́n ń nà káàkiri. Nílé, wọ́n máa ń ta ọ̀mì. Bí wọ́n bá ti lọ bá ẹlòmíràn nílé rẹ̀, wọ́n á gba mẹ́ta, wọ́n á gba mẹ́rin, nítorí kò sí ẹni tí yóò pariwo lẹ́yìn wọn. Owó ọkọ̀ ti wọ́n jù. Ta ni yóò fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan wọkọ̀ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń na ọmọ ìlú rẹ̀?

Ni àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ bá pinnu pé àwọn yóò máa san ìdajì owó ọkọ̀ àti ìdajì owó ìwọlé fún olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó bá tẹ̀lé wọn lọ sí ìdálẹ̀. Inú ìlú dùn. Àmọ́ Alhaja Ṣìfáwù tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ kì í fi owó ṣeré. Ó ti gbọ́ nípa ìlú kan tí olórí àwọn olólùfẹ́ ti gba owó ogún ènìyàn, tó wá fi ọkọ̀ náà kó iṣu. Ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀ àfi kí wọ́n máa ka àwọn èrò: nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, níbikíbi tí wọ́n bá ti dúró lọ́nà, lẹ́nu géètì pápá, àti nígbà tí wọ́n bá padà délé. Iye náà kò sì gbọdọ̀ yí padà.

"Ta la fẹ́ fi ṣe olùkà?" ni wọ́n bi í.

"Ṣebí Tíṣà Adégbìtẹ́ ń bẹ láyé," ni Alhaja dáhùn.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tíṣà Adégbìtẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún márùndínlógójì ló fi ka ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni kì í pe ọmọ kankan lórúkọ. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ni tiẹ̀. "Nọ́ńbà kẹjọ, dìde! Nọ́ńbà kẹtàlá, kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?" Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n fẹ́yàwó, irùngbọ̀n wọn ń funfun, síbẹ̀ bó bá pàdé wọn lọ́jà, á ní, "Nọ́ńbà kejìlá, ṣé dáadáa ni?"

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ bá ẹgbẹ́ ìlú Ọ̀pẹ̀gbẹ́ ni wàhálà dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ará ilé àwọn èrò wá sídìí ọkọ̀ láti fi ènìyàn wọn lé Tíṣà lọ́wọ́. Ìyàwó ń sọ pé, "Tíṣà, ọwọ́ yín ni ọkọ mi wà o." Ìyá ń sọ pé, "Ẹyọ kan péré ni mo bí o." Tíṣà gbé pàṣán rẹ̀ sókè, ó ní, "Bí mo ṣe kó wọn lọ ni n óò kó wọn bọ̀. Bí ẹyọ kan bá dín, ẹ wá fi èmi dí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò sì rí i gbà padà mọ́.

Ó na pàṣán sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Nígbà tó ka ara rẹ̀ tán, ọgbọ̀n ni wọ́n jẹ́. Ààyè ìjókòó ọgbọ̀n ló sì wà nínú ọkọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, Láísì dírẹ́bà ṣáná sí ọkọ̀.

Ọyẹ́ bolẹ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn wà lókè bí ẹ̀kọ tí wọ́n jù sínú omi. Nígbà tí wọ́n dé Ahoro Ìgbòdè, Láísì dúró kí ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lè sọ̀. Ìlú tó ti tú tipẹ́tipẹ́ ni Ìgbòdè. Àlàpà ló kù níbẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ gbalasa kan tí koríko kì í hù sí, tó mọ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a. Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Àwọn èrò tọ̀ kíákíá, wọ́n padà wọlé, Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó ń kà sókè bó ṣe máa ń kà nílé ẹ̀kọ́. Ó ka dé ọgbọ̀n, ẹnì kan ṣì kù.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní ó gbàgbé láti ka ara rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbàgbé ara rẹ̀, ṣebí ẹyọ kan ni yóò dín? Tiwọn lé ni.

Ó tún un kà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n di méjìlélọ́gbọ̀n. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó wọlé, ó ń fi ọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa ṣì í kà, ó bá di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Orí tó fọwọ́ kàn kẹ́yìn tutù bí ìdí ìkòkò omi. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dúró, gbogbo wọn ló ríbi jókòó.

"Ìyá Wúràọlá," Tíṣà rọra bi obìnrin kan tó wà níwájú, "ẹni tó jókòó tì yín yẹn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Obìnrin náà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ojú ẹ̀ jọ ojú ẹni tí mo mọ̀," ló wí.

Bó ṣe bi ẹlòmíràn, ìdáhùn kan náà ni. Gbogbo wọn ló dé fìlà ẹgbẹ́, gbogbo wọn ló jọ ẹni tí wọ́n mọ̀. Láísì ní, "Tíṣà, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ o. Ṣé torí pé èrò pọ̀ la ó ṣe máa sunkún ni?" Ni wọ́n bá lọ.

Lẹ́nu géètì pápá Ọ̀pẹ̀gbẹ́, Tíṣà kà wọ́n, wọ́n di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní òun ò gbà, ó tún wọn kà fúnra rẹ̀, wọ́n di márùndínlógójì. Ó wo Tíṣà, Tíṣà wo ilẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn ṣáà máa wọlé.

Orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ò lè kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá iwájú ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń gbè é, ohùn ẹ̀yìn yẹn sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń kọrin láti inú kànga. Nígbà tó ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí, gólì Ọ̀pẹ̀gbẹ́ fi ojúlé rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá rẹfiríì. Ó ní àwọn kan lẹ́yìn òun ń fi orúkọ tí ìyá bàbá òun nìkan ń pe òun pè òun, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ti kú. Ibi tó ti ń rojọ́ ni Àtòrì ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n borí pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nìyẹn láti ọdún méjì.

Inú Tíṣà ò dùn. Ó ń ronú àwọn tó dúró dè é nílé. Bí ènìyàn márùn-ún tí òun ò mọ̀ bá wà nínú ọkọ̀, ọ̀nà wo ni òun yóò fi mọ̀ pé ọgbọ̀n tòun ṣì pé?

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọkọ̀ kú fúnra rẹ̀ ní Ahoro Ìgbòdè. Lórí ilẹ̀ gbígbá yẹn, ìyá arúgbó kan dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ta ló ka àwọn ọmọ mi?" ló bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí Tíṣà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, Ìyá. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni."

"Láti ọjọ́ tí ìlú yìí ti tú ni mo ti fi wọ́n jókòó," ni ìyá náà wí. "Mo ní kí wọ́n má dìde àfi tí a bá kà wọ́n. O wá dúró lójúde mi, o ń kà. Tìẹ tán, o ò dákẹ́. Ẹni tí iye bá kàn nínú wọn ń dìde ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ mú wọn."

"Fìlà yín wà lórí gbogbo wọn. Ìwọ lo kó wọn pọ̀, ìwọ ni kó o yà wọ́n. Pe tìẹ lórúkọ, á sọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí o ò bá lè pè, ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, "Nọ́ńbà kẹjọ!" ni Tíṣà kọ́kọ́ kígbe. Kò sẹ́ni tó mira. Ó di kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ nínú orí tó ti fi nọ́ńbà kún láti ọdún pípẹ́ wá. "Ráímì! Fadérẹrà! Omítóògùn!" Bó ṣe ń rántí ni wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Àwọn àgbà ló wá le jù. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé Bàbá Àgbà ni gbogbo ayé ń pè é. Tíṣà dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó wá pariwo orúkọ bàbá náà ní gbangba bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Bàbá sọ̀, ó ń bínú, ó sì ń dúpẹ́.

Ó ku ẹni tó ń lẹ táyà ní ìdíkọ̀. Bàbá Táyà ni ìlú ń pè é. Tíṣà ronú títí, asán ni. Ọkùnrin náà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ni ó bá bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Tíṣà tẹjú mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. "Ení, èjì..."

"Ẹ má kà á!" ni gbogbo èrò figbe ta.

Ó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ó ti rí ọmọ ìka kẹfà kékeré tó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì mọ orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mú tọ̀run wá. "Olúgbódi!" ló ké, ọkùnrin náà sì gba ojú fèrèsé yẹn já bọ́.

Ìyá Wúràọlá nìkan ló kù. Ọkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń wa ẹkún mu. Tíṣà wo obìnrin náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ orúkọ obìnrin náà. Ó mọ̀ ọ́n jù ni. Ó wolẹ̀, ó rọra wí pé, "Àyìnkẹ́."

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Tíṣà," ni Bàbá Wúràọlá wí, "níbo lẹ ti gbọ́ oríkì ìyàwó mi?"

"Inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni."

"Wọ́n ń kọ oríkì sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni?"

Ìyá arúgbó náà ò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. Ó gbá Tíṣà léjìká mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà wà nínú iye. Ta ló mọ̀ ẹ́? Kí wọ́n pè ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o bá mi lọ."

Àwọn èrò wo ara wọn. Tíṣà ni wọ́n ń pè é láti kékeré wọn. Adégbìtẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Ẹnì kan pe Sámúẹ́lì, ẹnì kan pe Jósẹ́fù, wọ́n kàn ń dẹ́kùn síbi tí ẹran ò gbà ni. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tẹ̀lé ìyá náà bí ẹni tí wọ́n ń fà. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, pé òun ti gbé ìlú kan fún gbogbo ọjọ́ ayé òun kí òun tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ òun níbẹ̀. Ó ti kan ilẹ̀ gbígbá yẹn nígbà tí ohùn obìnrin kan ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Àkànmú! Àkànmú, padà wá!"

Ọwọ́ ìyá náà bọ́ lójijì. Tíṣà sáré padà, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ìyá Wúràọlá fi ìborùn nu ojú ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká délé ná."

Nígbà náà làwọn tó kù nínú ọkọ̀ wá ń sọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ni wọ́n ń kéré sí i, títí fìlà fi bo ojú wọn mọ́lẹ̀. Ìyá wọn ń pè wọ́n lórúkọ jẹ́jẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yíjú sí Tíṣà, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Bọ́ọ̀lù yẹn dùn." Wọ́n wọ inú ọyẹ́ lọ.

Alhaja Ṣìfáwù ti dúró dè wọ́n ní Òkè-Àtòrì pẹ̀lú bírò àti ìwé. "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú oríire. Tíṣà, ẹ kà wọ́n kí n rí i."

"Alhaja," ni Tíṣà wí, "a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Kí lèyí ní í ṣe pẹ̀lú owó ẹgbẹ́? Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n óò kà wọ́n fúnra mi." Ó wọnú ọkọ̀, ó gbé bírò sókè. "Ení..."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọgbọ̀n ènìyàn gba ojú fèrèsé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Bàbá Àgbà ló ṣáájú wọn. Ọkọ̀ ṣófo. Alhaja dúró níbẹ̀, bírò ṣì wà lókè. Lórí àga ẹ̀yìn pátápátá, ohùn kékeré kan dá a lóhùn: "Mo wà níbí, mà."

Wọ́n rí bàtà Alhaja kan ní ìdíkọ̀, wọ́n rí èkejì nítòsí ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ Àtòrì ti ń san gbogbo owó ọkọ̀ fún àwọn olólùfẹ́ wọn, wọn kì í bèèrè iye ẹni tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé ilé yín, tó na ìka sí àwọn ọmọ yín, tó ní òun fẹ́ mọ iye wọn, ẹ má bá a jà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá rán an létí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.