Eré Ìdárayá Tó Lé Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi Wọgbó

Ọjọ́ tí mo lé ìyá àfẹ́sọ́nà mi wọgbó kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbìyànjú gan-an láti gbàgbé rẹ̀.

Délé, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ dókítà, ló fà á. Ó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì nígbà náà, nígbà ìjọba àwọn sójà. Ó ní ààrò kéékèèké wà nínú iṣan ara wa tó ń pèsè agbára, àti pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní RNA wà nínú ààrò wọ̀nyẹn, tó ń jíṣẹ́ bí ìránṣẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá eré sísá máa ń mú kí ìránṣẹ́ náà pọ̀ sí i. Ó fi abẹ́rẹ́ ńlá bu ẹran bíńtín ní itan mi, ó ní kí n máa sáré láràárọ̀, òun á tún bu òmíràn tó bá yá. Mo gbà, nítorí ìgbéyàwó mi ti ń sún mọ́lé, ikùn mi sì ti ń ṣíwájú mi wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Délé fi mọ́tò ìjàpá rẹ̀ gbé mi láti Ìjẹ̀bú-Òde dé ìtòsí Ìmùṣin, kí n lè sá eré mi níbi tí ọkọ̀ ò pọ̀ sí. Ó ní òun á máa tẹ̀ lé mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ki eré mọ́lẹ̀. Mọ́tò tirẹ̀ kú síbẹ̀.

Mo ń sá lọ, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ajá tó jẹ ata. Ìyá kan tó ru gbágùúdá lọ níwájú gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ mi. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n da ẹrù nù, wọ́n figbe ta: "Ẹ sá o! Nǹkan ń bọ̀!"

Àwọn tó wà lóko bá tú jáde.

"Ṣé àwọn sójà tún ti gbàjọba ni?"

"Ejò ni! Mo rí i!"

Nígbà tí mo rí gbogbo ayé tó ń sá, ẹ̀rù ba èmi náà, mo bá fi kún eré mi. Bí mo ṣe ń fi kún un ni ìyá náà ń fi kún tiwọn, títí wọ́n fi ṣubú sínú igbó. Mo sáré lọ gbé wọn dìde. Háà! Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni!

"Ọkọ ọmọ mi! Kí ló ń lé ẹ?"

"Kò sí nǹkan, mà. Ìránṣẹ́ inú itan mi ni mo fẹ́ kó pọ̀ sí i."

"Ìránṣẹ́ inú itan? Ta ló rán an sí ẹ?"

"Ọ̀rẹ́ mi ló fẹ́ wò ó, mà. Ó ti gé ẹran níbẹ̀ rí."

Ibẹ̀ ni mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyá figbe ta: "Gbọ́mọgbọ́mọ ti mú un!" Bí wọ́n ṣe ń pariwo lọ́wọ́ ni Délé já sí wa, epo mọ́tò tó ń tún ṣe ti kun ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ó rò pé àlàyé lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, ló bá ṣí báàgì, ó sì fa abẹ́rẹ́ náà yọ.

Ẹ ò rí eré! Ìyá gbá mi lápá mú: "Sá, ọmọ mi!" Mo ń sá, Délé ń lé wa, ó ń kígbe pé, "Ẹ dúró, kò ní dùn yín!"

Ọjọ́ kẹta ni a tó lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fún mi lọ́mọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní Délé ò gbọdọ̀ gbé báàgì kankan wá síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí Délé tún bu ẹran ní itan mi, ó ní ìránṣẹ́ ibẹ̀ ti pọ̀ sí i lóòótọ́. Àbí kí ló máa ṣe lẹ́yìn irú eré yẹn!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí àgbà bá bi ọ́ léèrè pé kí ló ń lé ọ, sọ pé eré ìdárayá ni, kí o sì pa ẹnu dé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ìyá ìyàwó mi ni kò tíì rí ẹ̀rín níbẹ̀.