Káfíńtà Tó Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ Èèkàn Yukulélé

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, irú rẹ̀ ò dé rí. Tíṣà orin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló pe káfíńtà lẹ́jọ́, káfíńtà tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àkànmáyẹ̀. Inú Kábíyèsí dùn, torí orí-adé gbà pé kò sẹ́ni tó létí orin tó òun.

"Tíṣà, kí ló dé?"

"Kábíyèsí, yukulélé làwọn ọmọ mi ń kọ́, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin. Èèkàn wà lórí rẹ̀ tí a fi ń fa okùn títí ohùn á fi bára mu. Ọkùnrin yìí wá tún bẹ́ǹṣì ṣe ní kíláàsì mi, ló bá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo èèkàn pa!"

"Gbogbo rẹ̀?"

"Kò ku ẹyọ kan! Ọ̀túnla làwọn òbí ń bọ̀ wá gbọ́ wa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ní bí orin ò bá dùn, kíláàsì mi á di yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí."

Àkànmáyẹ̀ gbé àyà síwájú. "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Oore ni mo ṣe. Bí ọmọ mi bá gbé tirẹ̀ délé, èèkàn ló ń yí. Bó bá jí, èèkàn ló ń yí. Ilẹ̀kùn tó bá ń yẹ̀, ṣé à ń bẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ ni? À ń kàn án pa ni!"

"Kò tiẹ̀ bi mí!" ni tíṣà wí.

"Ta ni dókítà ń bi kó tó tọ́jú aláìsàn?"

"Aláìsàn ni, bàbá!"

Wọ́n pe aṣọ́nà ilé-ẹ̀kọ́.

"Kábíyèsí, ojú mi là kedere lọ́jọ́ náà. N ò rí gọ́ọ̀mù kankan."

"O ò sùn?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o! Àfi ìgbà tí káfíńtà jí mi pé kí n bá òun ṣí ìdérí gọ́ọ̀mù."

Ó kan ọmọ káfíńtà. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, okùn tuntun máa ń nà ni, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Tíṣà ní ká máa fi etí wá a, ká sì fà á padà. Ìyẹn gan-an la kọ́kọ́ kọ́. Bàbá mi rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ta ni."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn ta lo wà?"

"Ẹ̀yìn tíṣà ni, bàbá mi. Àmọ́ ilé yín ni màá sùn o."

Kábíyèsí ní kí ọmọ náà ta yukulélé méjì tí tíṣà gbé wá kí òun gbọ́. Ó ta ọ̀kan, ó ta ìkejì. Orí-adé dijú, ó ń mirí bí ọ̀mọ̀ràn.

"Ìkejì yẹn ló dùn."

"Kábíyèsí," ni tíṣà wí jẹ́jẹ́, "méjèèjì ló ti bàjẹ́."

Kábíyèsí húkọ́. "Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ó bàjẹ́ dáadáa."

Ó wá dájọ́. "Àkànmáyẹ̀, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ṣí gbogbo èèkàn náà. Èyí tó bá kán, gbẹ́ òmíràn. Lọ́túnla, ìwọ náà á jókòó sórí àpótí kékeré láàárín àwọn ọmọ, níwájú gbogbo òbí, wàá máa bá wọn ta yukulélé. Bí ohùn tìrẹ bá wálẹ̀, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèkàn àfi tí ọmọ rẹ bá sọ ibi tí wàá yí i sí."

Àkànmáyẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ìka tó ki bí èèkù òòlù.

"Ẹ má mikàn, bàbá," ni tíṣà wí, ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìka kan péré la fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Ìka mi yìí ò lè dúró lójú okùn."

"Bí ò bá dúró," ni Kábíyèsí wí, ó ti ń dìde, "fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́."