Alàájì Gbádérọ̀ joyè Ọlọ́sà

Ẹ bá mi kí Alàájì Gbádérọ̀, a-rí-kòtò-pè-é-lọ́sà, àna àkèré! Adágún ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Baṣọ̀run kò ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀sà ni, òun sì ni Ọlọ́sà.

Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé tó ń pe iṣu ní "isu" ni, ojú ahọ́n yìí sì ń tì í. Nígbà tí wọ́n ń kọ pátákó oyè rẹ̀, ó pàṣẹ:

"Fàmì sábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé a kàwé!"

Pátákó jáde gàdàgbà: ỌLỌ́ṢÀ BAṢỌ̀RUN. Láti ọjọ́ náà ni Alàájì ti ń fi àmì sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ó wá da irú ẹja òkèèrè kan sínú omi, wọ̀bìà bíi tirẹ̀. Ẹja náà gbé gbogbo ẹpìyà mì. Àbẹ̀ḿbí, tó ń fi àwọ̀n kó ẹpìyà níbẹ̀, tó ń yan án tà ní Ṣàngó, lọ bẹ̀ ẹ́.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, òfìfo làwọ̀n mi ń gbé wálé. Kí ni mo fẹ́ fi tọ́mọ?"

"Ní ṣùúrù. Ẹja mi ń ṣanra. Tó bá ṣanra tán, wàá wá rà á."

Ó ń da ìgbẹ́ adìẹ àti ajílẹ̀ sómi ní àpò-àpò. Ẹja náà sanra lóòótọ́, débi pé ológbò Alàájì kó lọ sí Agbowó.

Mujeebat, ọmọ Àbẹ̀ḿbí, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì, kìlọ̀ fún un: "Bàbá, ajílẹ̀ díẹ̀ ló ń mú wọn sanra. Tó bá pọ̀ jù, ewé á bo omi, á jẹrà, ẹja ò sì ní rí èémí mí."

"Ta ló rí ibi tí oúnjẹ ti pa ọba?"

Lọ́jọ́ ìwúyè, omi ti ki bí ọbẹ̀ ilá. Alàájì dúró lábẹ́ pátákó, ó nawọ́ sómi pé kí àwọn àlejò wo ọrọ̀ òun. Ni gbogbo ẹja bá léfòó, ikùn lókè. Òórùn náà fa ọlọ́pàá kan wá láti títì. Ó ka pátákó, ó tún un kà.

"Ta ni ọlọ́ṣà níbí?"

"Èmi ni!" Alàájì yọ àyà.

"Ẹ̀yin nìkan?"

"A bí i mọ́ wa ni. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ mí sí i."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún. Ìbẹ̀rù gba gbogbo àmì lẹ́nu Alàájì.

"Ọ̀gá, ẹ sàánú mi! Ọlọ́sà ni mí, mi ò kì í se ọlọ́sà!"

Ọlọ́pàá yíjú sí Àbẹ̀ḿbí, tó gbé àwọ̀n dúró létí omi. "Ìyá, èwo gan-an ni wọ́n?"

Àbẹ̀ḿbí wo àwọ̀n rẹ̀ tó ṣófo.

"Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni."